Wọ́n Ya Ojú Mi Sára Ògiri Nígbà Tí Mo Ṣì Wà Láàyè

Ìnísà,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

Àtọ́kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ bí a ti ń kí ẹni tó rìn jìnnà tí a kò mọ ìgbà tí yóò bọ̀. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òrùlé ibi tí o ń gbé kò jò lákòókò òjò yìí? Ọlọ́run tó mọ ilé rẹ ní Èkó, èyí tí èmi kò mọ̀, ni yóò máa bá mi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ. Ibi tí ẹsẹ̀ mi kò lè dé, àánú rẹ̀ yóò dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kí n má sọ fún ọ pé òun ṣì ń gun àkàbà lọ ká ọsàn, nítorí náà mi ò sọ ọ́.

Bírò ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Hameedat, ọmọ Ìkìrun kan tí n óò ròyìn rẹ̀ fún ọ láìpẹ́, ló ní òun yóò fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ kí n tó fi ìdérí dé bírò mi. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ọ̀sán gangan ni kó yà á, nítorí bó bá yà á lálẹ́, inú òkùnkùn ni ìwọ yóò ti máa kà á. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa rẹ́rìn-ín sí ìmọ̀ràn tó dára.

Ilé wà bó ṣe wà. Ilá ẹ̀yìnkùlé ti so. Ewúrẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ funfun bí méjì, ọ̀kan kò fẹ́ mu ọmú, ìyá rẹ ló ń fi ìgò bọ́ ọ. Iná mànàmáná wà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko láìlọ, ẹ̀rù sì bà wá, nítorí a kò mọ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ tù wá nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ̀nyí ni mo ń tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ohun tó dé bá mi, Àtọ́kẹ́, irú rẹ̀ kò dé bá ẹnì kankan nínú ìran wa rí, àyà mi sì ń já títí di bí mo ti ń kọ ọ́ yìí.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta wá bá mi lójúde. Jíbọ́lá, ọmọ Òkukù, ni olórí wọn, ọmọkùnrin gígùn kan tí ọ̀dà ti wọ èékánná rẹ̀. Hameedat ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Ọlákúnlé, ọmọ télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì wa. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ti para pọ̀ láti ya àwòrán ńlá kan, igbó àti ìlú ńlá nínú àwòrán kan ṣoṣo, kí ọwọ́ gbogbo wọn lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn wo gbogbo ògiri ojú ọ̀nà, kò sí èyí tó wù àwọn bí ògiri ẹ̀gbẹ́ ilé wa, nítorí ó gùn, kò ní fèrèsé, mọ́tò ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo ní mo gbọ́. Wọ́n mú fọ́ọ̀mù olójú ewé méjì jáde, wọ́n ní kí Bàbá fara balẹ̀ kà á, bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn kí wọ́n buwọ́ lù ú.

O mọ̀ pé ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mo sì fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe ọ̀gá ilé ìwé. Bí ọmọdé bá gbé ìwé wá pé kí n fara balẹ̀ kà á, ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe sí i. Mo wá bírò pupa. Mo bá àṣìṣe mẹ́rìnlá níbẹ̀, mo tọ́ gbogbo rẹ̀, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n túbọ̀ tẹra mọ́ ọn, mo fún wọn ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mo buwọ́ lù ú, mo kọ ọjọ́ sí i, mo sì dá a padà fún wọn. Jíbọ́lá wo ìwé náà títí. Ó ní ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá, ó ní láti ọjọ́ tí àwọn ti ń gbé fọ́ọ̀mù kiri, ẹnìkan kò tíì kà á dé òpin rí. Orí mi wú. Mi ò mọ̀ pé òfin kẹsàn-án, tí mo tún ṣe dáadáa jù lọ, ibẹ̀ gan-an ni mo ti gbà pé kí wọ́n ya ojú mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba Ìbà lọ, sọ́dọ̀ àbúrò mi Àyìnkẹ́, nítorí ìkórè ìjọ wọn. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò. Fóònù wà lápò mi, ṣùgbọ́n mo pa á kó lè sinmi, nítorí ohun tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ayé tọ̀sán-tòru kò lè ṣe kó má rẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Sátidé ni mo padà. Mọ́tò tó ń lọ sí Òkukù ni mo wọ̀ ní Ìkìrun. Bí a ti yọ sí Ìnísà, awakọ̀ dẹ eré, ó ní kí gbogbo wa wo ògiri apá òsì. Mo wò ó. Ojú mi ni mo rí. Kì í ṣe ojú tó jọ tèmi o. Ojú mi gan-an ni, láti ìpìlẹ̀ ilé títí kan páànù, pẹ̀lú àmì dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú mi àti fìlà tó máa ń dà sápá òsì.

Ìwọ náà mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Irú ènìyàn méjì péré ni wọ́n ń gbé ojú wọn sára ògiri lẹ́bàá títì: ẹni tó ń wá ìbò àti ẹni tó ti kú. Èmi kò díje dupò kankan.

Ìyá kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mi orí, ó ní bàbá yìí mà dàgbà dáadáa kí wọ́n tó lọ, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ní àmín. Ẹnu mi ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Awakọ̀ ní àwọn ọmọ wọn náwó sí i, ẹ wo ọ̀dà. Ìyá náà fèsì pé ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ra oògùn ibà fún wọn nígbà tí wọ́n wà láyé, ó ní lẹ́yìn ikú ni ọmọ ìsinsìnyí ń lawọ́. Mo fẹ́ gbà ọ́ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, mo fẹ́ ní ọmọ mi ń ra oògùn fún mi lóṣooṣù, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣì wà láàyè. Mo fọwọ́ kan àyà mi, ó ń lù kìkì. Mo ja ara mi léèékánná lápá, ó dùn mí. Nígbà tí mo ní kí awakọ̀ já mi sílẹ̀ níbẹ̀, ó wo ojú mi, ó wo ògiri, ó tún wo ojú mi. Kò dúró gba owó ọkọ̀.

Mo wá dúró síwájú ara mi lójú títì. Àtọ́kẹ́, igi ìrókò hù láti inú fìlà mi, gbòǹgbò rẹ̀ sì gba etí mi jáde. Odò Ọ̀tìn ṣàn láti apá aṣọ mi, ó gba àárín àwọn ilé gogoro bíi ti Èkó kọjá, ẹja ń yọjú lójú fèrèsé. Lékeléke tò sórí wáyà iná bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Ọkọ̀ ojú irin ń gba inú oko kòkó lọ, ewé ló ń tú jáde dípò èéfín, òpó fóònù sì so ẹyìn bí ọ̀pẹ. Mo ronú. Ta ni igi ń hù lára rẹ̀, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n ti sin? Àti àwọn ilé gogoro tí wọ́n kọ́ sí mi láyà ńkọ́? Èmi tí mi ò ní yàrá kan ní Èkó! Tí àwọn agbowó-orí bá kọjá níbẹ̀, kí ni n óò wí?

Ní ìsàlẹ̀ ògiri, wọ́n ya nǹkan kékeré kan onígun mẹ́rin, dúdú àti funfun, bíi pátákó dírááfù tí eku ti jẹ. Àwọn ọmọ méjì kan bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n na fóònù sí i, wọ́n gbé e sétí, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo rò ó pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kẹ́dùn.

Mo wọlé. Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní ẹ káàbọ̀, ṣé ẹ ti rí ara yín níta? Mo bi í pé ta ló pa mí. Ó ní kò sẹ́ni tó pa yín, ẹ̀yin lẹ buwọ́ lùwé, wọ́n fi hàn mí pẹ̀lú bírò pupa yín, èmi náà sì fún wọn ní fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì. Ó ní láti Ọjọ́bọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wá kí òun kú àṣẹ̀yìndè, láti Ìkìrun títí dé Òkukù. Ó ní lọ́jọ́ kìn-ín-ní òun ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹ wà ní Ìbà, ṣùgbọ́n bí òun bá ti ní ẹ wà ní Ìbà, ńṣe ni wọ́n ń sunkún sí i, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dà á lórí rú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta ó rẹ̀ ẹ́, ó kàn ń bu oúnjẹ fún wọn.

Lójú ẹsẹ̀ ni Alàgbà Ọmọ́ṣẹ̀yìndé wọlé, ọ̀rẹ́ mi ti ìjọ wa, nínú aṣọ funfun, pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́ta lọ́wọ́. Ó bá mi lórí àga. Ó dúró gbọnin. Ó bi mí pé Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin ni, àbí èmi ni mo ń ríran? Mo ní kó jókòó, mo ní kí ìyá rẹ bu omi fún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní ó dáa, ìran kì í fi omi lọni. Àmọ́ ó tan àbẹ́là náà síbẹ̀síbẹ̀, ó ní òun ti rà á.

Ní Ọjọ́ Ajé mo lọ sí Òkukù, sí ọ́fíìsì tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n má baà rí ògiri kí wọ́n yọ orúkọ mi. Mo kọ̀wé kan tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Ìkéde Wíwà Láàyè, mo sì mú Alàgbà dání gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní Bàbá, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ kú. Mo ní ohun tó ń kó mi láyà sókè nìyẹn, pé kí wọ́n tó sọ ọ́. Mo ní kó fún mi ní rìsíìtì pé mo wà láàyè. Ó ní àwọn kì í fún èèyàn ní irú rẹ̀.

Nítorí náà, ní àná, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí mo ti jẹun àárọ̀ tán, mo po ẹfun sínú bákẹ́ẹ̀tì, mo mú búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé, mo jáde lọ pa ara mi rẹ́. Mo ti ojú òsì mi bẹ̀rẹ̀. Ojú lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ, etí pẹ̀lú gbòǹgbò ìrókò inú rẹ̀ lọ. Mo ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ níbi àyà nígbà tí Hameedat rí mi lókèèrè tó sáré dé. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ dúró, ẹ má tíì kan ibi àyà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ nǹkan kan. Ó na fóònù sí pátákó dírááfù yẹn, ó sì gbé e sí mi létí.

Ohùn ìyá rẹ ló jáde.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo yí lọ sẹ́yìn ògiri lọ wò ó. Kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sọ́jà. Hameedat ní àwọn gba ohùn Màámi sílẹ̀ ni, pé ẹni tó bá na fóònù síbẹ̀ ni yóò gbọ́ ìtàn ògiri náà. Mo tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ní ọmọ òun obìnrin ló kọ́kọ́ ya àwòrán sára ògiri yìí, ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, èédú àti búlúù ìfọṣọ ló fi yà á, ó ya ìlú ńlá kan tí igi ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Ó ní bàbá rẹ̀ nà án, ó sì ní kó fọ̀ ọ́ kúrò. Ó ní òun dúró síbẹ̀, òun kò sọ̀rọ̀, ó sì ń dun òun títí di òní. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ yìí ha ẹfun ara ògiri kúrò, ẹyẹ kan ṣì wà níbẹ̀, òun sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kùn ún mọ́lẹ̀.

Hameedat fi ọwọ́ hàn mí. Láàárín àyà mi, láàárín àwọn ilé gogoro wọ̀nyẹn, ẹyẹ búlúù kékeré kan wà, ó ti ṣá, wọn ò fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yà gbogbo ìyókù sí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní. Ibi tí búrọ́ọ̀ṣì mi dé kò jìnnà sí i ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Àtọ́kẹ́, jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, kó má jẹ́ pé ìyá rẹ nìkan ló sọ ọ́ tí ayé gbọ́. Ọjọ́ ọjà ni. Mo bi ọ́ pé ẹyẹ wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. O wò mí lójú, o ní méjì fún igbó, méjì fún ìlú. Ìdáhùn yẹn dára. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ó dára, nítorí pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ méjì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ ọ̀gá ilé ìwé ń fèsì, mo sì nà ọ́ lẹ́gba méjìlá lọ́wọ́ tí o fi yà á. Mo ní kí o fọ ògiri lójú gbogbo ọlọ́jà. Nígbà tí o fọ̀ ọ́ tí kò lọ tán, mo fi ẹfun bò ó, mo sì ń fi ẹfun bò ó lọ́dọọdún, ìyá rẹ rò pé nítorí Kérésì ni.

Ìyẹn nìkan kọ́. Nígbà tí o kún fọ́ọ̀mù yunifásítì, o kọ iṣẹ́ àwòrán síbẹ̀. Bírò pupa ni mo fi fa ìlà gba orí rẹ̀, mo kọ ìṣirò owó. Mo rò pé àṣìṣe ni mò ń tọ́. O ṣe é, o yege, o ń bá àwọn oníṣòwò ka owó wọn ní Èkó, o ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí wa. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí o kò sùn nílé yìí. Nígbà tí a sin ìyá mi, àárọ̀ lo dé, o sì ti lọ kí a tó kó àga. Mo máa ń sọ fún àwọn ará ìjọ pé iṣẹ́ rẹ ló pọ̀. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa. Wọ́n kọ́ mi pé àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ, èmi náà sì fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀kọ́ burúkú ni. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, forí jì mí.

Jíbọ́lá dé láti Òkukù lọ́sàn-án àná, ó wo ohun tí mo ṣe, ó mú orí dání. Ó ní kí n má bínú, àwọn ò mọ̀ pé ẹ̀rù ni yóò bà mí, àwọn rò pé inú mi yóò dùn ni. Lẹ́yìn náà ló ní kò burú, nǹkan bíi wákàtí kan ni àwọn máa fi dá ojú òsì Bàbá padà. Mo ní rárá. Ojú tí mo fi wò ọ́ lọ́jọ́ ọjà yẹn ni mo pa rẹ́, kò sì ṣe mí láàánú. Mo ní kí àyè funfun náà wà bẹ́ẹ̀. Ó ní títí di ìgbà wo? Mo ní títí ẹni tó kọ́kọ́ ya ògiri yìí yóò fi dé. Ó ní bó bá wá ya ohun tí kò jọ Bàbá ńkọ́? Mo ní ohun tó bá wù ú ni kó yà, kódà bó jẹ́ ewúrẹ́. Ọlákúnlé ti ń sọ fún àwọn tó ń kọjá pé Bàbá ti di olójú kan. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ìrẹsì ilé ti tán, àwọn tó wá ṣọ̀fọ̀ mi ló jẹ ẹ́, wọ́n sì jẹun dáadáa, kò sẹ́ni tí ìbànújẹ́ dí lọ́nà ọ̀fun. Fi owó àpò ìrẹsì kan ránṣẹ́, àti ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí tèmi kò tíì sọ̀kalẹ̀ láti Sátidé. Fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, má fi sí tèmi, nítorí ilé ìfowópamọ́ máa ń kọ̀wé sórí fóònù mi pé owó ti wọlé, mo máa ń fèsì pé ẹ ṣeun, mo sì ń béèrè àlàáfíà ilé wọn, wọn kò dáhùn rí. Mi ò fẹ́ràn irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé owó náà kò lè tó fún ìwọ̀nyí àti owó ọkọ̀ rẹ wá sílé, fi ìrẹsì sílẹ̀, fi oògùn sílẹ̀, fi wọ ọkọ̀. O kò ní láti sùn. O kò ní láti bá mi sọ̀rọ̀. N óò wà nínú ilé bí o bá ní kí n wà nínú ilé, n óò sì di àkàbà mú fún ọ bí o bá ní kí n di àkàbà mú.

Ọwọ́ tí mo nà lẹ́gba yẹn, kò ní ṣẹ́, kò ní gbẹ, kò ní wá ohun rere tì. Ohun tí mo fi ẹfun bò mọ́lẹ̀ nínú ayé rẹ, Olúwa yóò ha ẹfun náà kúrò kí ojú rẹ tó di ti àgbà. Ìlú kò ní lé ọ, igbó kò ní gbàgbé rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọláwuyì.